Ìtàn Ìgbésí Ayé Ọ̀jọ̀gbọ́n Káyọ̀dé Ọ̀ṣuntókun (1935–1995), Oníṣègùn Tí Ó Wá Orísun Àìsàn Dé Ìdí Ìkòkò Ọbẹ̀

Ẹni tí a fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ fún yín ní oṣù yìí kì í ṣe àáfà, kì í sì í ṣe ẹni ẹ̀sìn wa. Oníṣègùn ni. Ṣùgbọ́n ìmọ̀ tí ó ń gba ẹ̀mí là kì í ṣe ohun tí Mùsùlùmí ń kẹ̀yìn sí, ibi yòówù tí ó ti wá.

Kò sí àdúgbò kan ní Ìlá-Ọ̀ràngún, ní Òkè-Ìlá tàbí ní Ọ̀rà tí ọ̀rọ̀ ọkùnrin yìí kò kàn. Ẹ wo bí ó ṣe máa ń rí. Bàbá kan tí ara rẹ̀ le, tí ó sanra dáadáa, jí láti kí ìrun àsùbáà. Ó fẹ́ ṣe àlùwàlá, ó sì ṣubú. Kí wọ́n tó gbé e dìde, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún ti kú, ẹnu rẹ̀ ti yí sí ẹ̀gbẹ́ kan. Kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, àwọn ará ilé ti ń bi ara wọn léèrè ẹni tí ó ṣe é. Wọ́n á dárúkọ ìyàwó àgbà, wọ́n á dárúkọ àbúrò tí wọ́n jọ ń du ilẹ̀. Ìjà dé, ilé tú, aláìsàn náà sì wà lórí ẹní.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Benjamin Olúwakáyọ̀dé Ọ̀ṣuntókun náà lo nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún láti wá ẹni tí ó ṣe irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Inú ẹ̀jẹ̀, inú àwo oúnjẹ àti inú ìṣirò ni ó ti wá a, ohun tí ó sì rí níbẹ̀ yẹ kí ó dé etí gbogbo ọ̀dọ́.

ÌBÍ ÀTI Ẹ̀KỌ́ RẸ̀

Ọjọ́ 6 oṣù kìn-ín-ní ọdún 1935 ni wọ́n bí i ní Òkè-Mẹ̀sí, ní ilẹ̀ Èkìtì. Ìlú yìí kò jìnnà sí ọ̀dọ̀ wa. Ẹni tí ó bá gbọ́ ìtàn ogun Kírìjì yóò rántí Fábùnmi Òkè-Mẹ̀sí, nígbà tí Èkìtì, Ìjẹ̀ṣà àti àwa Ìgbómìnà fi ẹ̀yìn ti ara wa. Ọmọ àgbègbè tiwa ni a lè pè é.

Ó ka ìwé ní Christ's School ní Adó-Èkìtì, ilé ẹ̀kọ́ tí òkìkí rẹ̀ kàn káàkiri ilẹ̀ Yorùbá. Láti ibẹ̀ ni ó ti lọ sí ilé ẹ̀kọ́ gíga ní Ìbàdàn, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1948. Nígbà náà, oyè Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Ìbàdàn ń gbà. Ọdún 1961, ìyẹn ọdún kan lẹ́yìn tí Nàìjíríà gba òmìnira, ni ó di dókítà.

Lẹ́yìn èyí ó rékọjá òkun. Ó kọ́ ẹ̀kọ́ sí i ní Cardiff ní ilẹ̀ Wales, ó sì tún kọ́ ọ ní Queen Square ní Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí ilé ìwòsàn olókìkí wà fún àrùn ọpọlọ àti iṣan ara. Iṣẹ́ yìí ni ó yàn láàyò. Ní àkókò yẹn, iye ọmọ adúláwọ̀ tí ó mọ irú ìṣègùn bẹ́ẹ̀ kò ju ohun tí a lè fi ìka ọwọ́ kà lọ.

Ẹni tí ó ní irú ìmọ̀ bẹ́ẹ̀ lè jókòó sí ìlú òyìnbó kí ó sì jẹun yó. Ọ̀ṣuntókun padà sílé ní àárín àwọn ọdún 1960, ó sì fi ìdí iṣẹ́ rẹ̀ kalẹ̀ sí ilé ìwòsàn UCH ní Ìbàdàn. Kò tí ì pé ẹni ogójì ọdún tí ó fi di ọ̀jọ̀gbọ́n. Nígbà tí ó yá, ó di olórí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ ìṣègùn ní Yunifásítì Ìbàdàn, ó sì darí UCH fúnra rẹ̀ ní àwọn ọdún 1980.

ÀWỌN TÍ Ń TA GỌ̀Ọ́GỌ̀Ọ́ LÁÌMU ỌTÍ

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí ó gbé orúkọ rẹ̀ jáde ní gbogbo ayé dá lórí àìsàn kan tí ó ń yọ àwọn ará abúlé lẹ́nu. Àwọn aláìsàn náà á ní ẹsẹ̀ àwọn ń ta àwọn bí iná, àwọn mìíràn á ní àwọn kò mọ̀ bí ẹsẹ̀ àwọn bá kan ilẹ̀. Wọ́n á máa ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ bí ọ̀mùtí, bẹ́ẹ̀ ni wọn kò fi ẹnu kan ọtí. Ojú wọn á ṣókùnkùn, etí wọn á di.

Ọ̀ṣuntókun kò dúró de aláìsàn ní orí àga nìkan. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ bá àwọn ènìyàn nílé, wọ́n dé Ọ̀sọ́sà, ìlú Hubert Ògúndé, ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú. Wọ́n béèrè ohun tí wọ́n ń jẹ láàárọ̀, lọ́sàn-án àti lálẹ́. Ẹ̀gẹ́ ni, ẹ̀gẹ́ náà ni, ẹ̀gẹ́ náà ṣì ni, pẹ̀lú ẹran, ẹja tàbí ẹ̀wà tí kò tó nǹkan. Májèlé kan ń bẹ nínú ẹ̀gẹ́ tútù, èyí tí rírẹ, fífún àti yíyan máa ń lé jáde bí a bá ṣe é dáadáa. Nígbà tí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn aláìsàn náà wò, wọ́n rí i pé àmì májèlé yìí pọ̀ níbẹ̀.

Ní ọdún 1968 ni ó tẹ àbájáde yìí jáde nínú Brain, ìwé ìròyìn àwọn onímọ̀ ọpọlọ tí wọ́n ń tẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn onímọ̀ tí ó wá lẹ́yìn rẹ̀ ti jiyàn lórí bóyá ẹ̀gẹ́ nìkan ni ó fà á. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí ó là sílẹ̀ kò parẹ́: bí àìsàn kan bá pọ̀ ní ìlú kan, ẹ bi ìlú náà léèrè bí ó ṣe ń jẹun kí ẹ tó bi í léèrè ọ̀tá.

ÀTỌ̀GBẸ ÀTI RỌPÁRỌSẸ̀

Lẹ́yìn èyí ni ó kọjú sí àwọn àìsàn tí ń ti inú jíjẹ àjẹjù àti ìjókòó àjókòójù wá. Ní ọdún 1971, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ ìwádìí wọn jáde lórí àwọn aláìsàn àtọ̀gbẹ 832 ní Nàìjíríà. Ọ̀pọ̀ oníṣègùn ló gbà nígbà náà pé àìsàn òyìnbó olówó ni àtọ̀gbẹ, pé kò wọ́pọ̀ láàárín àwa adúláwọ̀. Iye ènìyàn tí ó wà nínú ìwádìí yìí tó láti mú kí wọ́n tún ọ̀rọ̀ náà rò. Ìyàwó rẹ̀, tí òun náà jẹ́ dókítà ojú, ṣe ìwádìí lórí bí àtọ̀gbẹ ṣe ń ba ojú jẹ́.

Àìsàn yìí kì í ṣe tuntun. Ibn Sina, ọ̀mọ̀wé Mùsùlùmí tí wọ́n bí ní ẹ̀bá Bukhara ní ọdún 980 tí ó sì kú ní ọdún 1037, ti kọ nípa àwọn tí ìtọ̀ wọn ń dùn bí oyin. Nínú ìwé ìṣègùn rẹ̀ tí ń jẹ́ Al-Qanun, ó tún kìlọ̀ nípa ìsanrajù: pé ó ń fún iṣan ẹ̀jẹ̀ mọ́, pé ó ń dí èémí lọ́wọ́, pé ó lè mú ikú òjijì wá. Nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún rèé.

Ẹ jẹ́ kí á ṣe àlàyé rẹ̀ ní ṣókí. Púpọ̀ nínú oúnjẹ tí a bá jẹ, pàápàá èyí tí a fi iṣu, ẹ̀gẹ́, ìrẹsì àti ìyẹ̀fun ṣe, ni ó máa ń di ṣúgà nínú ẹ̀jẹ̀. Ohun kan wà nínú ara tí ń jẹ́ ínsúlínì. Òun ni ó ń ṣí ilẹ̀kùn fún ṣúgà yìí láti wọlé síbi tí ara yóò ti lò ó. Bí ọ̀rá bá wá kún inú ikùn, ilẹ̀kùn kì í gbọ́ ti ínsúlínì mọ́. Ṣúgà á dúró sínú ẹ̀jẹ̀, á máa ba iṣan jẹ́ díẹ̀díẹ̀: ti ojú, ti kíndìnrín, ti ẹsẹ̀, títí dórí ọkàn àti ọpọlọ. Ìsanrajù yìí kan náà, pẹ̀lú iyọ̀ púpọ̀, máa ń mú kí ẹ̀jẹ̀ ru. Ẹ̀jẹ̀ ríru dà bí omi ẹ̀rọ tí agbára rẹ̀ pọ̀ ju ohun tí páìpù lè gbà lọ. Ó lè má dun ènìyàn rárá fún ọdún mẹ́wàá. Ọjọ́ tí páìpù bá bẹ́ tàbí tí ó bá dí nínú ọpọlọ, ọjọ́ náà ni a ń pè ní rọpárọsẹ̀.

Láàárín ọdún 1973 sí 1975, Ọ̀ṣuntókun àti àwọn ènìyàn rẹ̀ ṣí ìwé sílẹ̀ ní Ìbàdàn, tí wọ́n ń kọ orúkọ àwọn tí rọpárọsẹ̀ bá mú nínú ìlú náà. Àjọ Ìlera Àgbáyé ni ó ṣètò irú ìwé bẹ́ẹ̀ ní ìlú mélòó kan lágbàáyé. Wọ́n rí i pé nínú 100,000 ènìyàn, 26 ni ó ń bá a pàdé lọ́dọọdún, ẹ̀jẹ̀ ríru sì ni olórí ohun tí ó máa ń ṣáájú rẹ̀. Ẹ̀yin ará, a ti rí ẹni tí ó ṣe é. Kì í ṣe ìyàwó àgbà.

Ní àwọn ọdún 1980, wọ́n tún lọ sí Igbó-Ọrà, wọ́n ń wọ ilé dé ilé. Nǹkan bí 19,000 ènìyàn ni ìwádìí náà kàn, lórí wárápá, orí fífọ́, rọpárọsẹ̀ àti àwọn àrùn ọpọlọ mìíràn. Ṣáájú rẹ̀, ọ̀pọ̀ ohun tí àwọn ìwé ń sọ nípa irú àìsàn bẹ́ẹ̀ láàárín wa, láti orí àwọn tí ó gbé ara wọn wá sí ọsibítù ni wọ́n ti mú un. Ẹni tí kò lówó ọkọ̀ kò sí nínú ìwé wọn.

ÌDÍKÀN ÀTI INDIANAPOLIS

Iṣẹ́ tí ó kẹ́yìn ayé rẹ̀ ni ó jinlẹ̀ jù lójú wa. Ẹ mọ̀ pé àwọn àgbàlagbà kan máa ń ṣarán: wọ́n á gbàgbé orúkọ ọmọ wọn, wọ́n á jáde nílé wọn kò ní mọ ọ̀nà mọ́. Àwọn mìíràn á máa sọ̀rọ̀ kan ṣáá, ará ilé á sì sọ pé ìyá náà ń jẹ́wọ́ àjẹ́. Ọ̀ṣuntókun mọ̀ pé àrùn ọpọlọ ni. Ó fẹ́ mọ ohun tí ó fi wọ́pọ̀ níbi kan tí kò sì wọ́pọ̀ níbòmíràn.

Òun àti Hugh Hendrie ti Yunifásítì Indiana ní Amẹ́ríkà jọ gbé ètò kan kalẹ̀, tí iṣẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lọ́wọ́ ọdún 1992. Wọ́n mú àwọn Yorùbá 2,494 tí ó ti pé ọdún 65 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní àdúgbò Ìdíkàn ní Ìbàdàn. Wọ́n tún mú àwọn adúláwọ̀ Amẹ́ríkà 2,212 tí ọjọ́ orí wọn rí bẹ́ẹ̀ ní ìlú Indianapolis. Ẹ̀jẹ̀ kan náà ni ẹ̀yà méjèèjì yìí, nítorí láti apá ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ni wọ́n ti kó púpọ̀ nínú àwọn baba ńlá àwọn ará ibẹ̀ lẹ́rú lọ. Ohun tí ó yàtọ̀ ni bí wọ́n ṣe ń jẹun àti bí wọ́n ṣe ń gbé.

Wọ́n tẹ̀lé àwọn ènìyàn yìí fún ọdún mélòó kan. Nínú 1,000 àgbàlagbà, nǹkan bí 14 ni àrùn ìṣarán ń mú lọ́dún kan ní Ìbàdàn, nígbà tí ó jẹ́ nǹkan bí 32 ní Indianapolis. Àwọn ará Ìbàdàn fúyẹ́ jù wọ́n lọ, ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ wọn kéré, ẹ̀jẹ̀ ríru àti àtọ̀gbẹ kò sì pọ̀ láàárín wọn tó ti àwọn ará Amẹ́ríkà. Ní ọdún 1995, Ọ̀ṣuntókun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tún tẹ̀ ẹ́ jáde pé àbùdá àjogúnbá kan, tí ó máa ń fa àrùn yìí lọ́wọ́ àwọn òyìnbó, kò rí bẹ́ẹ̀ lára àwọn àgbàlagbà Yorùbá tí wọ́n yẹ̀ wò. Ènìyàn lè jogún nǹkan, kí nǹkan náà má sì ní agbára lórí rẹ̀ bí ìgbé ayé rẹ̀ kò bá fún un láàyè.

IKÚ RẸ̀ ÀTI OHUN TÍ Ó FI SÍLẸ̀

Ọ̀ṣuntókun kú ní ọdún 1995, ní ẹni ọgọ́ta ọdún. Kò rí ọjọ́ tí wọ́n tẹ àbájáde Ìdíkàn àti Indianapolis jáde nínú ìwé ìròyìn àwọn oníṣègùn Amẹ́ríkà ní ọdún 2001. Àwọn tí ó ti kọ́ níṣẹ́ ní Ìbàdàn, bí Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéṣọlá Ògúnníyì, ni ó parí rẹ̀. Èyí nìkan tó ẹ̀kọ́: ẹni tí ó bá kọ́ ènìyàn níṣẹ́, iṣẹ́ rẹ̀ kì í kú pẹ̀lú rẹ̀.

Ní ọdún 1997, àwọn onímọ̀ mìíràn, tí àwọn ti UCH wà lára wọn, tẹ ìwádìí kan jáde lórí ẹ̀jẹ̀ ríru láàárín adúláwọ̀ tí ó lé ní 10,000. Ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, 16 nínú 100 ni ó ní i. Ní àwọn erékùṣù Karíbíánì, 26 ni. Ní Amẹ́ríkà, 33 ni. Bí ìwọ̀n ara ṣe ń pọ̀ láti ibì kan sí èkejì ni ẹ̀jẹ̀ ríru náà ń pọ̀.

Ohun kan wà nínú ìwádìí yẹn tí ó kan ẹ̀yin gan-an. Láàárín àwọn tí ọjọ́ orí wọn jẹ́ 25 sí 34, ìwọ̀n ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba ní ibi gbogbo. Bí ọjọ́ ti ń gorí ọjọ́ ni ọ̀nà wọn ń yà. Ìgbà ọ̀dọ́ ni oríta náà.

Nísinsìnyí, ààbò tí Ọ̀ṣuntókun rí lára àwọn àgbà Ìdíkàn ti ń bọ́ lọ́wọ́ wa. Ìgbìmọ̀ tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Akínkùgbé darí fún ìjọba àpapọ̀ sọ ní ọdún 1997 pé nǹkan bí 2 nínú 100 àgbàlagbà ní Nàìjíríà ni ó ní àtọ̀gbẹ. Nígbà tí àwọn onímọ̀ kó àwọn ìwádìí jọ ní ọdún 2018, ó ti di nǹkan bí 6. Ẹ̀jẹ̀ wa kò yí padà láàárín ogún ọdún. Àwo oúnjẹ wa àti ẹsẹ̀ wa ni ó yí padà.

Ẹ̀KỌ́ FÚN WA

Àwọn bàbá wa ní Ìgbómìnà ń jẹ iyán, àwa náà ń jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń lọ sí oko, ẹsẹ̀ ni wọ́n sì fi ń bọ̀, pẹ̀lú ẹrù lórí. Ọ̀kadà ni ń gbé wa láti ẹnu ọ̀nà ilé dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n ń jẹ ẹ̀wà, ọ̀ọ̀lẹ̀ àti ẹ̀fọ́. Àwa ń fi búrẹ́dì àti mínírà dí àyè wọn. Bí ikùn ẹnì kan bá yọ síwájú, a ń kí i pé ó ti ń jayé. Ọ̀pọ̀ ọmọbìnrin ni wọ́n ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé ó gbẹ, títí yóò fi máa jẹ oògùn kí ó lè sanra. Ẹ jẹ́ kí á fi àṣà yìí sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni kí á má fi ẹni tí ó sanra ṣe ẹlẹ́yà, nítorí ìtìjú kì í wo ẹnikẹ́ni sàn.

Ọ̀nà tí ènìyàn lè gbà mọ ibi tí ó dúró kò le. Mú okùn, fi wọn gíga rẹ láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀, kí o sì ká a sí méjì. Bí ìdajì okùn náà kò bá yí ìbàdí rẹ ká, ọ̀rá ti pọ̀ nínú ikùn rẹ. Lọ sí ọsibítù ìjọba, jẹ́ kí wọ́n wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ, kí wọ́n sì yẹ ṣúgà inú rẹ̀ wò. Mú bàbá àti ìyá rẹ dání, àwọn gan-an ni ó yẹ kí ó ṣáájú. Ẹni tí wọ́n bá ti fún ní oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kò gbọdọ̀ dá a dúró nítorí pé ara rẹ̀ yá.

Ẹ̀sìn wa kò fi wá sílẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ànábì wa, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, kọ́ wa pé kí á má kún ikùn dé ẹnu, kí á fi àyè sílẹ̀ fún omi àti fún èémí. Síbẹ̀, ẹ wo ohun tí a ń ṣe nínú oṣù Rọ̀mọ̀dáànù: a ó gba ààwẹ̀ láti òwúrọ̀, a ó sì fi ìṣínu gbẹ̀san lára ebi. Ẹ wo wọlímọ̀ àti àwọn ayẹyẹ wa. Kí ọmọ ẹgbẹ́ tí ó bá ń ṣe ètò irú nǹkan bẹ́ẹ̀ rò ó wò, bóyá omi tútù kò lè dípò ìdajì àwọn mínírà yẹn.

Ju gbogbo rẹ̀ lọ, nígbà tí àìsàn bá dé inú ilé, ẹ jẹ́ ọ̀dọ́ tí yóò kọ́kọ́ sọ pé ẹ gbé aláìsàn lọ sí ọsibítù lójú ẹsẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ ọ̀dọ́ tí kò ní gbà kí wọ́n dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ọmọ Òkè-Mẹ̀sí yẹn ti fi ayé rẹ̀ wá ìdí ọ̀rọ̀ náà fún wa.

Kí Ọlọ́hun fún wa ní ìlera àti làákàyè láti ṣọ́ ọ, kí Ó sì jẹ́ kí a dàgbà pẹ̀lú ọpọlọ pípé. Àmín.